ÌDIN ORÍ IGI ÓÁKÙ: ÈWO NI ỌMỌ AGBỌ́N, ÈWO NI ỌMỌ LABALÁBÁ?

Àwọn àgbà a máa wí pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn kòkòrò kan mu tí ń jẹ ewé igi óákù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn, àti ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá gbójú sókè wo ewé igi náà ní ìgbà ìrúwé tàbí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí ohun gígùn, rírọ̀, aláwọ̀ ewé, tí ń wọ́ lọ tí ń wọ́ bọ̀, tí ó sì ń jẹun láìsinmi. Lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ìdin ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà kọ́ ni ó bí wọn. Òmíràn yóò di labalábá tàbí àfòpiná. Òmíràn yóò di ìbátan agbọ́n àti oyin. Òmíràn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Òmíràn sì wà tí irun ara rẹ̀ lè mú kí ojú ọmọdé wú, kí mímí sì nira fún un.

Orúkọ igi óákù kò ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì Yorùbá yóò rántí igi óákù tí orí Ábúsálómù há sí nígbà tí ó gun ìbaaka lójú ogun. Ṣùgbọ́n igi náà fúnra rẹ̀ kì í hù nínú igbó wa. Etí wa ni ó mọ̀ ọ́n, ojú wa kò mọ̀ ọ́n. Ní òde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, níbi tí óákù ti pọ̀ ní etí títì, ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti ní pápá ìṣeré. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí nígbà tí oòrùn bá mú, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń sáré kiri. Ó yẹ nígbà náà kí a mọ àwọn tí ń gbé orí rẹ̀, kí a má baà sá fún ẹni tí kò ní ibi nínú, kí a má sì ṣe na ọwọ́ ìfẹ́ sí ọ̀tá.

ALÁYÙN TÍ KÒ NÍ ÌBÀDÍ

Kòkòrò tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sawfly. Bí a bá fẹ́ fi èdè wa pè é, a lè pè é ní aláyùn, nítorí pé abo rẹ̀ ní ohun èlò kan ní ìdí, tí ó rí gẹ́gẹ́ bí ayùn àwọn káfíńtà, tí eyín wẹ́wẹ́ sì tò sí etí rẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin, yóò fi ayùn yìí la ara ewé tàbí èèpo ẹ̀ka tútù, yóò sì ki ẹyin rẹ̀ bọ ojú ibi tí ó là náà. Ẹni tí ó bá rí i lè máa bẹ̀rù pé yóò ta òun. Ẹ̀rù náà kò nídìí: igi ni ayùn rẹ̀ wà fún, kì í ṣe ènìyàn.

Ìdílé kan náà ni aláyùn, oyin, agbọ́n àti èèrà ti wá. Ìyẹ́ mẹ́rin ni ó ní bí ti oyin. Ohun tí a fi ń mọ àgbà rẹ̀ yàtọ̀ ni ìbàdí. Ìbàdí agbọ́n a máa tín-ín-rín bí ẹni pé a fi okùn fún un, ṣùgbọ́n àyà àti ikùn aláyùn lẹ̀ mọ́ra gbọọrọ láìsí ìbàdí kankan láàárín. Ẹ̀yà wọn tí àwọn onímọ̀ ti fún ní orúkọ ní gbogbo ayé lé ní 8,000. Ní ilẹ̀ Britain nìkan, wọ́n tó bí 500. Púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ ju irú igi kan tàbí méjì lọ. Nítorí náà, igi tí a bá ìdin lórí rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí a ó pè nígbà tí a bá ń wá orúkọ rẹ̀.

Ọmọ oyin àti ọmọ agbọ́n, inú ilé ni a ti ń bọ́ wọn. Wọn kò ní ẹsẹ̀, wọn kò sì mọ ìrìn. Ọmọ aláyùn kò rí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó bá ti jáde nínú ẹyin ni ó ti ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ lórí ewé, ní gbangba, lójú àwọn ẹyẹ. Ìdí nìyí tí ó fi ní ẹsẹ̀ púpọ̀ tí ó fi ń di ewé mú, tí àwọ̀ ara rẹ̀ fi dàbí àwọ̀ oúnjẹ rẹ̀, tí òun àti ọmọ labalábá sì fi jọ ara wọn bí ìbejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Òjò ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ewé ni ó kó àwọn méjèèjì yìí jọ.

KÍ A KA ẸSẸ̀

Ọ̀nà tí ó dájú jù lọ láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí a ka ẹsẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ kà á má ṣe fi ọwọ́ mú ìdin náà. Kí ó rọra fa ẹ̀ka sún mọ́ ojú, kí ó wo ìdin náà láti ẹ̀gbẹ́, kí ó sì lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá bí ó bá ní in.

Lára àyà, ní ìsàlẹ̀ orí, àwọn ìdin méjèèjì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tòótọ́, mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì, tí ó le tí ó sì ní oríkèé. Àwọn wọ̀nyí kò fi ìyàtọ̀ hàn. Lẹ́yìn wọn ni ẹsẹ̀ ikùn bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ kúkúrú, rírọ̀, tí ó dàbí kùkùté lásán. Àwọn wọ̀nyí ni kí a kà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni kí a kà kí iye rẹ̀ má baà dà wá lójú rú. Ọmọ labalábá tàbí ti àfòpiná kì í sábà ní ju ẹsẹ̀ ikùn márùn-ún lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn kò sì tó bẹ́ẹ̀: àwọn tí ń ká ẹ̀yìn sókè nígbà tí wọ́n bá ń rìn, bí ẹni tí ń fi ìka wọn aṣọ, méjì péré ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ aláyùn tí ń jẹ ewé ní gbangba a máa ní mẹ́fà, tàbí méje, tàbí mẹ́jọ. Àwọn baba wa ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níhìn-ín, ẹ̀fà fúnra rẹ̀ ti tó láti mú wa fura pé ọmọ aláyùn ni a ń wò.

Bí ìdin náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kíkà fi ṣòro, kí a wo àlàfo. Ara ìdin pín sí oríkèé-oríkèé bí ọparun. Lára ọmọ labalábá, oríkèé méjì ni yóò wà láìlẹ́sẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àyà ìkẹyìn àti ẹsẹ̀ ikùn àkọ́kọ́. Lára ọmọ aláyùn, oríkèé kan ṣoṣo ni ó ṣófo níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo ojú. Ọmọ aláyùn ní ojú kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, ojú dúdú roboto tí ó hàn ketekete lára orí rẹ̀. Ọmọ labalábá a máa ní ojú wẹ́wẹ́ bíi mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké. Ẹni tí ó bá sì ní awò tí ó lágbára yóò rí i pé ìwọ̀ wẹ́wẹ́ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ikùn ọmọ labalábá, èyí tí ó fi ń há mọ́ ewé. Ti ọmọ aláyùn kò ní ìwọ̀.

Ìwà pàápàá a máa tú àṣírí. Bí ewu bá dé bá ọ̀pọ̀ ọmọ aláyùn lórí ewé, wọn yóò di etí ewé mú pẹ̀lú ẹsẹ̀ àyà, wọn yóò sì gbé ìdí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn yóò tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí lẹ́tà S. Ẹyẹ tí ó fẹ́ ṣà wọ́n jẹ lè tìtorí rẹ̀ ṣiyè méjì.

ÀWỌN ALÁYÙN TÍ Ń GBÉ ORÍ ÓÁKÙ

Nísinsìnyí tí a ti mọ bí a ti í kà wọ́n, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn aláyùn orí óákù, kí a sì sọ àmì tí a fi ń mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni ẹlẹ́gùn-ún, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Periclista. Ìgbà ìrúwé ni tirẹ̀, nígbà tí ewé óákù ṣẹ̀ṣẹ̀ là tí ó sì ṣì rọ̀. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sì dúró lé gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá wò wọ́n dáradára, a ó rí i pé orí ẹ̀gún náà pín sí méjì, bí igi kànnàkànnà àwọn ọmọdé. Ó lè dẹ́rù ba ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gún náà kò lóró rárá. Nígbà tí ó bá bọ́ awọ rẹ̀ ìkẹyìn, ẹ̀gún yóò bá awọ lọ. Ìdin náà yóò wá dán, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò wọ inú ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí di ìgbà ìrúwé ọdún tí ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó rí ẹlẹ́gùn-ún ní àná tí ó sì rí aláìlẹ́gùn-ún ní òní lórí igi kan náà, kí ó má ṣe yára wí pé ẹ̀yà méjì ni òun rí. Síbẹ̀, kí ó má sì ṣe búra pé ọ̀kan ni, nítorí pé aláyùn mìíràn wà, Mesoneura opaca ni orúkọ rẹ̀, tí ń jẹ óákù ní àkókò kan náà, tí kò sì ní ẹ̀gún láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ẹ̀rí ọjọ́ kan kì í tó dá irú ẹjọ́ báyìí.

Èkejì ni Apethymus, tí ìgbésí ayé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ti sùn sínú ilẹ̀, ìgbà ìwọ́wé ni àgbà tirẹ̀ ń fò kiri. Abo yóò fi ayùn rẹ̀ la èèpo ẹ̀ka óákù, yóò sì fi ẹyin pamọ́ síbẹ̀. Inú ẹ̀ka náà ni ẹyin yóò ti la gbogbo ìgbà òtútù kọjá, tí yóò fi pa nígbà tí ìrudi óákù bá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìdin náà kò pẹ́ rárá, bí ẹni pé a ránṣẹ́ pè é sí oúnjẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Ẹ̀kẹta ni aláyùn ológbìn-ín, Caliroa. Èyí ni ó ń da àwọn ènìyàn lójú rú jù, nítorí pé ó jọ ìgbín tí kò ní ìkarahun ju bí ó ti jọ ìdin lọ. Omi yíyọ̀ bò ó lára, apá iwájú rẹ̀ tóbi ju apá ẹ̀yìn lọ, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdajì ínṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì fara pamọ́ sábẹ́ ara, kí ẹnikẹ́ni má retí láti kà á pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ohun tí ó bá ṣe sí ewé ni kí a fi mọ̀ ọ́n. Kì í jẹ ewé láti etí wá bí àwọn yòókù; abẹ́ ewé ni ó ń wà, yóò họ awọ ìsàlẹ̀ àti ẹran inú ewé jẹ, yóò sì fi iṣan àti awọ òkè sílẹ̀. Bí a bá gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sí ojú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yóò la inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé àwọ̀n ẹja ni a gbé dání. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ibẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì pọ́n. Ní Yúróòpù, Caliroa annulipes ń ṣe èyí lára óákù àti lára àwọn igi mìíràn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí wọ ìgbà ìwọ́wé. Ní Amẹ́ríkà, Caliroa quercuscoccineae ni olórí wọn. Orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ dà bí àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ ewé kan bí àwọn tí ń kórè ọkà. Ìran rẹ̀ tó méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún kan, orí igi lókè pátápátá ni ó sì sábà ń ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí, onílé lè máà mọ̀ títí tí ìdajì ewé yóò fi pọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a kò lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láéláé láìjẹ́ pé a ya ewé. Profenusa pygmaea ni orúkọ rẹ̀. Inú ewé gan-an ni ó ń gbé, láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, tí ó ń jẹ ẹran ewé bí ẹni tí ń wa kùsà. Àmì rẹ̀ ni àpá fífẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, lójú òkè ewé. Bí a bá gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, a ó rí ìdin náà bí òjìji nínú ilé rẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti nílò láti di ohunkóhun mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrú dé ibi tí kíkà kò wúlò mọ́.

ÈYÍ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti kúrò ní eré ni èyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àfòpiná orí óákù léwu fún ènìyàn àti fún ẹran ọ̀sìn. Thaumetopoea processionea ni orúkọ rẹ̀. Àárín àti gúúsù Yúróòpù ni ilé rẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe, ṣùgbọ́n ní ọdún 2006 a rí i pé ó ti fìdí múlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a gbàgbọ́ ni pé ẹyin rẹ̀ ni ó bá àwọn igi óákù tí a kó wọlé dé. Láti ìgbà náà ó ti gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti tàn dé àwọn agbègbè tí ó yí i ká.

A máa pa láti inú ẹyin ní oṣù kẹrin, a sì máa jẹ ewé óákù títí di oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Irun funfun gígùn wà lára rẹ̀, orí rẹ̀ sì dúdú nígbà tí ó bá dàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, orí ti ẹ̀yìn kan ìdí ti iwájú, láti inú ilé funfun tí wọ́n hun bí òwú sára ìtì igi tàbí ẹ̀ka ńlá. Kì í ṣe irun gígùn tí a ń rí ni ó burú jù. Àwọn irun kúkúrú kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí a ti ṣírò pé ó lè tó 62,000 lára ìdin kan tí ó ti dàgbà. Wọn a máa bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé wọn kiri. Bí wọ́n bá bà lé awọ ara, yóò máa yún ènìyàn, yóò sì sú. Bí wọ́n bá wọ ojú tàbí ọ̀nà ọ̀fun, wàhálà a máa pọ̀ sí i. Ilé tí àwọn ìdin náà ti fi sílẹ̀ pàápàá ṣì léwu fún ọdún mélòó kan, nítorí irun tí ó kù sínú rẹ̀.

Àwa Yorùbá mọ ìbátan ìdin yìí dáradára, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Ìdin Anaphe, tí ń kó ara wọn jọ sínú ilé òwú kan ṣoṣo, tí àwọn ìyá wa ń sè tí wọ́n sì ń ran láti fi hun sányán, ẹbí kan náà ni òun àti èyí tí ń dààmú Lọ́ńdọ̀nù. Irun tirẹ̀ pàápàá a máa yún ara. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í fọwọ́ mú ilé sányán yóò mọ̀ pé irun ìdin kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré.

Àwọn ará wa tí ń gbé ní Texas àti Florida ní ọ̀tá tiwọn tí ó yàtọ̀. Megalopyge opercularis ni orúkọ rẹ̀. Irun bò ó múlọ́múlọ́ bí ọmọ ológbò, ó sì wu ọmọdé láti fọwọ́ pa lórí. Ṣùgbọ́n abẹ́ irun náà ni ẹ̀gún olóró wà, ìrora rẹ̀ sì pọ̀. A máa gbé lórí óákù, lórí ọsàn, àti lórí igi mìíràn. A ti ilé-ẹ̀kọ́ pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí rẹ̀ ní San Antonio ní ọdún 1923 àti ní Galveston ní ọdún 1951, nítorí pé ó ta àwọn ọmọdé. Èyí sì ni ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí: ọmọ àfòpiná ni, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ikùn rẹ̀ tó méje ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé kíkà nìkan yóò pè é ní ọmọ aláyùn, yóò sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Nítorí náà, kí òfin wa máa jẹ́ èyí: kí a wo irun kí a tó ka ẹsẹ̀. Èyí tí ó bá ní irun, kí a fi í sílẹ̀. Àwọn aláyùn tí a dárúkọ lókè yìí, kò sí èyí tí irun gígùn bò lára wọn. Ẹ̀gún kúkúrú, omi yíyọ̀, tàbí awọ dídán ni tiwọn.

Bí irun ìdin bá kan ọmọdé, kí a má ṣe họ ibẹ̀, kí a má sì ṣe fọwọ́ ra á. Kí a da omi tí ń ṣàn sí i, kí ó gbẹ fúnra rẹ̀, kí a fi bébà tí ó ní àtè fa irun tí ó kù jáde, kí a sì fọ aṣọ tí ó wọ̀. Bí mímí bá nira fún un, dọ́kítà ni kí a wá láìjáfara.

OÒGÙN TÍ KÌ Í ṢE TI ÀRÙN NÁÀ

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí aláyùn kò bá ta ènìyàn, kí ni ànfààní orúkọ rẹ̀? Ìdáhùn ni pé orúkọ ni ó ń júwe oògùn. Oògùn kan wà tí a ń fún sára igi láti pa ọmọ àfòpiná, tí a fi ẹ̀dá àìfojúrí tí ń jẹ́ Bacillus thuringiensis ṣe. Ishiwata ará Japan ni ó kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1901 lára àìsàn ìdin tí ń hun sílíìkì. Berliner ará Jámánì ni ó sọ ọ́ ní orúkọ ní ọdún 1915, láti ara Thuringia, agbègbè kan ní ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tí a sábà ń tà fún àwọn onígi, ọmọ labalábá àti ti àfòpiná nìkan ni ó ń pa nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Òun ni wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù sí ìdin onírun tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un sára ọmọ aláyùn, ńṣe ni yóò máa jẹun lọ. Onílé ti ná owó, ìdin kò kú, àwọn ọmọ labalábá tí kò ṣẹ̀ ni yóò sì kú dípò rẹ̀. Àìmọ̀kan ni ó ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Àìmọ orúkọ ni ó ń mú ènìyàn ra oògùn tí kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹlòmíràn yóò wá májèlé líle tí ń pa gbogbo kòkòrò láìyan ọ̀kan. Ìyẹn burú jù. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé 2,300 ẹ̀yà ohun alààyè ni ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú óákù ní Britain, àti pé 326 nínú wọn kò ní ibùgbé mìíràn. Ìdin orí óákù ni àwọn ẹyẹ kéékèèké fi ń bọ́ ọmọ wọn ní ìgbà ìrúwé. Àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ kan sì wà tí ń yé ẹyin sínú ara ìdin aláyùn, tí ọmọ wọn yóò jẹ ẹ́ láti inú wá. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí a kò sanwó fún ni wọ́n, májèlé kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí olè.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, kí onílé fọkàn balẹ̀. Óákù ńlá tí ara rẹ̀ le kì í kú nítorí pé ìdin jẹ ewé rẹ̀ ní ọdún kan. A tilẹ̀ máa yọ ọ̀mùnú kejì ní àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àlejò yóò jẹ nínú ti àkọ́kọ́. Igi kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nìkan ni ó nílò ìrànlọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ náà kò sì ju pé kí a ṣa àwọn ọmọ aláyùn tí kò ní irun kúrò tàbí kí a fi omi gbọ̀n wọ́n dànù.

BÍ A TI Í WÁ ORÚKỌ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí onímọ̀ bá òun dá ìdin mọ̀, kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Kì í ṣe àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, nítorí pé ẹ̀yìn kì í sọ púpọ̀. Kí ó ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ yóò ti hàn, àti orí rẹ̀, níbi tí ojú yóò ti hàn. Kí ó ya òkè ewé àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a lè mọ bí ó ti ń jẹun. Kí ó kọ irú óákù tí ó jẹ́ sílẹ̀, àti ọjọ́, àti ibi tí ó ti rí i. Ọjọ́ ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí pé Periclista kì í dúró de ìgbà ìwọ́wé, bẹ́ẹ̀ ni ológbìn-ín kì í tètè dé bí ewé tuntun.

Bí kò bá ní irun, ó lè fi ewé rẹ̀ gbé e sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí ó bu ilẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ó sì máa fi ewé tútù bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan yóò wọ inú ilẹ̀ lọ; bí a bá ní sùúrù títí di ọdún kejì, àgbà aláyùn lè jáde, ẹlẹ́yìẹ́ mẹ́rin, aláìníbàdí, tí yóò jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àgbà nìkan ni onímọ̀ fi lè mọ ẹ̀yà náà dájú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdin onírun tí ń tò lọ lórí óákù ní Britain, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í sínú ìgò, kí ó má sì ṣe dáná sun ilé wọn. Kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó kó àwọn ọmọ àti ajá kúrò, kí ó sì fi tó Forestry Commission létí, ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn igbó.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìfarabalẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó gbà láti wo irun, láti ka ẹsẹ̀, láti wá àlàfo àti láti wo ojú. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni a ó mọ̀ bóyá ọmọdé wa wà nínú ewu tàbí bóyá aláìṣẹ̀ ni a fẹ́ pa. Kí àwọn òbí tí ń gbé lẹ́yìn odi kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èyí lábẹ́ igi náà gan-an, kí ọmọ mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ìdin onírun, kí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ń wọ́ ni a ń tẹ̀ pa.